Òkúta Wẹ́wẹ́ Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀nà: Bí Ìsọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Jèrè Nígbà Tí Olóhun Rẹ̀ Wà Lókè Òkun

Ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní London tàbí Houston tó sì fẹ́ máa tajà fún àwọn ará Èkó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: wá ẹni tí o lè fọkàn tán. Wọn á ní ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni, nítorí náà kí onítọ̀hún yáa wá àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tí yóò máa bá a tọ́jú ọjà, tí yóò máa bá a gba owó, tí yóò sì máa bá a fi ọjà ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn yìí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí, ìsọ̀ náà kì í sì í jèrè. Ohun tó ń mú irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí ẹnì kan ṣoṣo. Ètò tó jẹ́ kí ọjà àti owó ṣeé kà láìsí olóhun nítòsí ló ń mú un dúró.

Bí a ṣe ń ṣí ojú-ewé ìtajà lórí Instagram tàbí WhatsApp, bí a ṣe ń ya àwòrán ọjà, bí a ṣe ń forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC láti orí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò kọ́ gbogbo ìyẹn láìpẹ́. Ibi tí èrè ti ń sọnù wà níwájú: láti ìgbà tí oníbàárà bá ti sọ pé òun fẹ́ ọjà títí di ìgbà tí owó bá wọlé tí ọjà sì ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn Yorùbá ti ń tajà láìdúró ti àtẹ kí iná mànàmáná tó dé. Ẹni tó bá ń lọ sóko á pàtẹ iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, á kó òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan láti fi iye rẹ̀ hàn, á gbé igbá sílẹ̀ fún owó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń kọjá á ka òkúta, á ju iye owó bẹ́ẹ̀ sínú igbá, á mú ọjà. Wọ́n máa ń fi èyí sọ bí àwọn baba wa ṣe jẹ́ olóòótọ́ tó, òdodo ọ̀rọ̀ sì ni. Àmọ́ ọgbọ́n tó wà nínú ètò náà kò mọ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ẹni tó pàtẹ á dé, á wo òkìtì tó kù, á ka owó inú igbá, lójú ẹsẹ̀ ló sì máa mọ̀ bóyá méjèèjì bára mu. Bí òkìtì mẹ́ta tó ní òkúta márùn-ún márùn-ún bá ti lọ, owó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ wà nínú igbá. Kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè, kò sì ní í máa wo ojú ẹnikẹ́ni bóyá ó ń purọ́. Bí owó bá dín, ó mọ iye tó dín, ó mọ ọjọ́ tó dín, ó sì lè ṣí àtẹ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ẹnì kankan láàárín tó di ọjà mú tó tún di igbá mú.

Nígbà tí wọ́n bá wá kó ohun gbogbo lé àbúrò lọ́wọ́, òkìtì, òkúta àti igbá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan náà. Bí ọjà bá sọnù, ẹni tó wà lókè òkun kò ní ohun tí yóò fi mọ ibi tó gbà lọ. Bí ọwọ́ àbúrò náà tilẹ̀ mọ́ pátápátá, òun náà kò ní ẹ̀rí kankan tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ìyẹn ló ń dunni jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: ètò tí kò dára ń sọ olóòótọ́ ènìyàn di afurasí, ó sì ń sọ ẹbí di ọ̀tá nítorí yáàdì aṣọ mélòó kan.

Ìsọ̀ tó ń jèrè láìsí olóhun rẹ̀ nítòsí máa ń pín iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹnì kìíní ń tọ́jú ọjà: ó ń kà á, ó ń dì í, ó ń fà á lé ẹni tó máa gbé e lọ lọ́wọ́, kò sì ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú owó. Ẹnì kejì ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá jáde sínú ìwé, ó sì ń rí alẹ́ẹ̀tì nígbà tí owó bá wọlé, ṣùgbọ́n kò lè mú kọ́bọ̀ jáde nínú àkáǹtì náà. Ẹnì kẹta ni ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà, tí gbogbo Èkó ń pè ní dispatch; òun kò gbọdọ̀ gba owó ọjà sọ́wọ́ rárá. Àkáǹtì ìsọ̀ wá dà bíi kóló tí a fi amọ̀ mọ: ẹnu rẹ̀ gba owó wọlé, kò gba ọwọ́ wọlé, olóhun nìkan ló sì lè fọ́ ọ láti orí fóònù rẹ̀ níbi tó wà. Láti ọdún 2025 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, àti NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báńkì pọ̀ mọ́ra, ti ṣí ọ̀nà tí ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun lè gbà forúkọ sílẹ̀ láìwá sílé fún BVN, nọ́ńbà tí àwọn báńkì fi ń dá oníbàárà wọn mọ̀, nítorí náà ìdí tí àwọn kan fi ń yá àkáǹtì ìbátan lò ti ń dín kù.

Ọ̀nà tí ọjà ń tọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ló yẹ ká fara balẹ̀ wò dáadáa. Ká ní ìsọ̀ kan ń ta ànkárá ní yáàdì mẹ́fà mẹ́fà. Wọ́n ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjà Balógun ní ₦14,000, wọ́n ń tà á ní ₦20,000, oníbàárà sì máa ń san ₦3,000 fún dispatch. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni mẹ́wàá sọ pé àwọn fẹ́ ẹ. Ẹni tó wà ní Houston á rí ẹni mẹ́wàá yẹn lójú fóònù rẹ̀, á sì ti kọ ₦60,000 sílẹ̀ bí èrè ọ̀sẹ̀. Ká yọ ₦15,000 kúrò fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ká yọ ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nylon àti páálí tí wọ́n fi dì í, ₦40,000 ló yẹ kó kù.

Ṣùgbọ́n ìsọ̀ náà gbà kí oníbàárà sanwó nígbà tí ọjà bá dé. Ọlọ́kadà gbéra láti Ìdúmọ̀tà níbi tí wọ́n kó ọjà sí, ó gba orí afárá Carter, ó dé Yábàá, ó ń wá ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, nítorí pé irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún un. Fóònù oníbàárà ń dún títí ó fi gé. Ó tún pè, wọ́n ti pa á. Ọmọdé kan yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní àǹtí ti jáde láti àárọ̀. Ọjà náà padà sí Ìdúmọ̀tà pẹ̀lú òjò lára nylon rẹ̀, ọlọ́kadà sì gbọ́dọ̀ gba owó àlọ rẹ̀, ₦3,000, pẹ̀lú owó àbọ̀, ₦2,000. Bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá ṣe báyìí, méje ni wọ́n tà, èrè orí wọn jẹ́ ₦42,000. ₦15,000 lọ fún okadà tó padà lásán, ₦15,000 lọ fún òṣìṣẹ́, ₦5,000 lọ fún ìdì. Ohun tó kù ni ₦7,000. Ẹni mẹ́ta péré ló fa ₦33,000 lulẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó jalè.

Jumia àti Konga, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, ló sọ sísan owó nígbà tí ọjà bá dé di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ará Èkó, nítorí pé ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn láti sanwó ọjà tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Owó rẹpẹtẹ láti ọwọ́ àwọn olùdókòwò ló wà lẹ́yìn wọn, tó lè gba irú àdánù bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ìsọ̀ kékeré tó bá ṣe bíi tiwọn láìní owó wọn yóò jẹ ojú owó rẹ̀ tán.

Ohun tí àwọn oníṣòwò kéékèèké wá ń ṣe báyìí gbọ́n púpọ̀: oníbàárà á kọ́kọ́ san owó dispatch nìkan, á san owó ọjà tó kù nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó pín ẹ̀rù náà sí méjì. Oníbàárà kò fi ju ₦3,000 ṣe ìdánwò, ìsọ̀ kò sì fi ju owó àbọ̀ okadà lọ. Ẹni tí kò tíì pinnu á fà sẹ́yìn kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Bí èyí bá sọ ẹni mẹ́wàá di mẹ́jọ, tí méje nínú wọn gba ọjà, lẹ́yìn tí a bá yọ owó òṣìṣẹ́, owó ìdì mẹ́jọ àti owó àbọ̀ kan, iye tó kù jẹ́ ₦21,000 lórí ọjà méje kan náà.

Ìpè orí fóònù tún wà kí ọlọ́kadà tó gbéra. “Ẹ káàárọ̀ mà. Aṣọ yín ti wà nílẹ̀, ṣé ẹ máa wà nílé lónìí?” “Rárá o, mo wà níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la.” Gbólóhùn méjì yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì gba ìrìn-àjò kan là. Ẹni tó wà ní London lè ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí pé aago ibẹ̀ àti ti Èkó bá ara dọ́gba nígbà ooru, wákàtí kan ló sì fi wà lẹ́yìn nígbà òtútù. Ẹni tó wà ní Houston kò lè ṣe é: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Èkó jẹ́ aago mẹ́ta òru fún un nígbà ooru, aago méjì nígbà òtútù. Ó gbọ́dọ̀ gba ẹni tó máa ṣe é síṣẹ́, ibí yìí sì ni àbùkù ètò ẹni mẹ́ta wà, torí pé ìsọ̀ tí kò tíì ń ta tó ọjà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kò lè sanwó fún wọn dáadáa.

Ẹni tó ń pè yìí náà ló ń dènà alẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Oníbàárà á na fóònù sí ọlọ́kadà lójú, á ní owó ti lọ. Ọlọ́kadà kò gbọdọ̀ gba ohun tó bá rí lójú fóònù ẹlòmíràn gbọ́. Láti ọdún 2011 tí NIBSS ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ láàárín báńkì, owó tó lọ lóòótọ́ kì í sábà pẹ́ kó tó wọlé. Bí ẹni tó ń wo àkáǹtì kò bá sọ pé ó ti wọlé, ọjà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ọlọ́kadà.

Ibi tí wọ́n kó ọjà sí náà ń jẹ nínú èrè. Afárá mẹ́ta ló so Erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ òdìkejì: Carter, Eko àti Third Mainland. Bí ọ̀pọ̀ oníbàárà bá wà ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Ìkẹjà, yàrá kan ní Yábàá yóò dín owó okadà kù ju ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Balógun ni wọ́n ti ń ra ọjà. Wọ́n lè kó ọjà kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò kí okadà máa gba orí afárá fún aṣọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ìjọba kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo fò láti iye tí kò tó ₦200 sí nǹkan bí ₦500 fún lítà kan, ìṣirò yìí kò ṣeé fojú fò mọ́.

Ẹni tó ń ra ọjà láti òkè òkun ní ìṣirò mìíràn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦471 ní báńkì, ó kọjá ₦600. Ẹni tó ta ọjà rẹ̀ ní iye tó fi rà á pẹ̀lú èrè díẹ̀ rí i pé owó tó wọlé kò lè ra irú rẹ̀ mọ́. Iye tí wọ́n máa fi ra ọjà tó kàn ni àwọn tó mọ ìṣirò yìí ń wò kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n máa ta èyí tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù kì í mọ̀ pé àdánù ni wọ́n ń ṣe, nítorí pé owó oṣù wọn ní òkè òkun ló ń dí ihò náà láìsí àkọsílẹ̀.

Ní alẹ́ Sátidé, olóhun á pe ẹni tó ń tọ́jú ọjà lórí fídíò. Kò ní ní kó ka gbogbo ọjà. Irú mẹ́ta péré ni yóò mú, tí kò sọ tẹ́lẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó èyí tó ní aró yẹn síta, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.” Bí ó bá jẹ́ mọ́kànlá ló yẹ kó wà, tó sì jẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n kà, wọn á ṣí ìwé ẹni tó ń pe oníbàárà, wọn á sì rí i pé ọ̀kan jáde lọ sí Ìkòròdú ní Ọjọ́bọ̀, owó rẹ̀ kò tíì wọlé. Ọlọ́kadà ló kù tí wọ́n á pè.