Ta Ni Yóò Máa Fá Irin?

Kò sí òde tí mo lọ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé iṣẹ́ ojú irin ni mò ń ṣe, tí ẹnì kan ò ní gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n kúkú gbé ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá fún aládàáni.” Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, ìjọba ni kó ṣe é. Wọ́n á fà á títí ọtí á fi tán. Kò sẹ́ni tó jẹ́ béèrè ẹni tí yóò máa fá irin.

Bẹ́ẹ̀ ni, à ń fá irin. Ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń kan irin ò ju ojú kọ́bọ̀ kékeré lọ, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8 ló sì lè wà lórí rẹ̀, ní eré 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, etí irin á bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tín-ín-rín bí irun. Bí a bá tètè fá awọ òkè rẹ̀ dànù, ó parí. Bí a ò bá fá a, ó ń wọ inú lọ nìyẹn.

Ìjọba Japan ló la ọ̀nà ọkọ̀ ayára-bí-àṣá Tokyo sí Osaka ní 1964. Nígbà tí wọ́n pín iṣẹ́ ojú irin ìjọba fún àwọn ilé iṣẹ́ ní 1987, ọ̀tọ̀ lẹni tó ni irin, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń wa ọkọ̀. Ní 1991, àwọn tó ń wa ọkọ̀ ra irin náà. Láti aago 12 òru sí 6 àárọ̀, ọkọ̀ èrò kì í rìn níbẹ̀. Àwa oníṣẹ́ irin la ni òru.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Nígbà kan, ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Railtrack ló ni irin, àwọn mìíràn ń wa ọkọ̀, agbaṣẹ́ṣe ń tún un ṣe. Ní October 17, 2000, irin fọ́ sí ohun tó lé ní 300 wẹ́wẹ́ ní Hatfield lábẹ́ ọkọ̀ tí eré rẹ̀ ò tilẹ̀ tó 200 kìlómítà. Èèyàn 4 kú. Wọ́n mọ̀ pé irin yẹn ti sán! Irin tuntun tí wọn ó fi rọ́pò rẹ̀ ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní láti tọrọ àyè kí wọ́n tó dá ọkọ̀ dúró fún un.

Bàbá kan ní Ògún ló bínú. Ògún wo? Ṣé Ògún ló ní kí wọ́n kó irin tuntun jọ, kí wọ́n máa wò ó?

Títí dòní, bí mo bá rí irin tuntun nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo máa ń pe ọ̀gá: ọjọ́ wo la fẹ́ tẹ́ eléyìí? Wọ́n ní wàhálà mi pọ̀. Mo sì tún máa ń pè lọ́jọ́ kejì.