Orúkọ àdàpè lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kí ló ń tú àṣírí?

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí, Kubwa ni mò ń gbé. Mo fẹ́ sọ èrò mi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àlejò níhìn-ín. Bí mo bá fi orúkọ àdàpè ṣí àkáǹtì, ṣé wọn ò ní mọ̀ mí?

Aládùúgbò àti ọ̀gá yín lè má mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù mọ ẹni tó ni nọ́ńbà tí ẹ bá lò. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí wọ́n so gbogbo síìmù mọ́ NIN, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ bá fi ṣí àkáǹtì ti gbé orúkọ yín dání. VPN kò yí èyí padà: ibi tí ẹ ti wọlé ló ń bò, kì í bo nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìjọba ló sábà máa ń tú àṣírí?

Àwọn tó mọ̀ yín ni. Bí nọ́ńbà tí gbogbo ọ́fíìsì ní bá wà lórí àkáǹtì náà, ìkànnì lè máa fi àkáǹtì náà hàn wọ́n. Lórí X, ẹ wọ Privacy and safety, lẹ́yìn náà Discoverability and contacts, kí ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí áàpù ka nọ́ńbà inú fóònù yín. Lórí Telegram, ẹ fi Phone Number sí Nobody. Ẹgbẹ́ WhatsApp kò wúlò fún irú èyí rárá, nítorí nọ́ńbà yín á hàn.

Ẹ ṣí ìméèlì tuntun tí kò ní orúkọ tàbí ọdún ìbí yín nínú. Bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ lórí àkáǹtì yín pé òun gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, ìkànnì lè gbé lẹ́tà díẹ̀ nínú ìméèlì yín tàbí nọ́ńbà méjì tó parí fóònù yín jáde. Ìyẹn ti tó fún ẹni tó ń fura sí yín. Fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi document lórí WhatsApp náà lè gbé ibi tí ẹ ti yà á dání.

Aṣọ a máa bo eégún, ṣùgbọ́n ará ilé á dá ìrìn rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ní Kubwa, tó tún sọ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé àárọ̀, tó ń fi “jàre” parí gbogbo gbólóhùn bó ṣe ń ṣe nínú ẹgbẹ́ ọ́fíìsì, ti júwe ilé ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méjì mẹ́ta kọjá kí ẹ tó kọ nípa ohun tó ṣojú yín.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ó lòdì sí òfin, bí wàhálà bá sì dé, ilé aláìṣẹ̀ tó ni orúkọ náà ni wọ́n á kọ́kọ́ dé.

Ìbéèrè: Kí ni òfin wí?

Abala 39 ìwé òfin 1999 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò yín. Abala 24(1) òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ló ń kó èèyàn sí ìjàngbọ̀n: ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Ní 2022 ilé ẹjọ́ ECOWAS dá abala náà lẹ́bi, ní 2024 wọ́n sì tún un ṣe. Ní báyìí, yàtọ̀ sí àwòrán ìṣekúṣe, irọ́ tí èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó fi fẹ́ da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, ló dojú kọ. “Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n bí síbí ní ẹ̀tọ́ síbí” jẹ́ èrò. “Lágbájá kówó jẹ” jẹ́ ẹ̀sùn, ó sì nílò ẹ̀rí.

Ti òṣìṣẹ́ ìjọba tún le díẹ̀ sí i: ohunkóhun tí ẹ bá rí nínú fáìlì ọ́fíìsì, ẹ má kọ ọ́. Àwọn tó rí fáìlì náà lè má ju èèyàn márùn-ún lọ, orúkọ yín sì wà nínú wọn.