Ọ̀nà míì wo ló tún wà tí a lè gbà dé orí òkè yìí?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àtìgbà tí mo ti ń gun òkè káàkiri Yàgbà àti Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogi ni wọ́n ti ń bi mí ní nǹkan kan náà: ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà ti di igbó, tàbí ẹnì kan ti dá oko dí i lẹ́nu, báwo lèèyàn ṣe ń rí ọ̀nà míì tí kò ní ṣe é léṣe? Mo kó àwọn ìbéèrè yẹn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo dúró sídìí òkè, mo rí ibi tó kúrú jù. Ṣé kí n kọjú sí i kí n máa gùn ún lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ìdí òkè gan-an nibi tó burú jù láti fi wo òkè. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, á dà bíi pé kò ga, torí ibi tó le jù lókè ti fara pa mọ́ sẹ́yìn ibi tó yọ síta nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún dojú kọ ọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, á dà bíi pé ó nàró ju bó ṣe wà lọ. Ẹ̀gbẹ́ lẹ ti máa rí òótọ́ ibẹ̀. Ẹ gun ọ̀kadà yí òkè náà po, ẹ dúró níbi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ ya fọ́tò, kó jẹ́ àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, torí ìgbà tí oòrùn bá dàgẹ̀rẹ́ ni òjìji máa ń fi kòtò àti ibi tó là hàn. Tó bá di ọ̀sán gangan, gbogbo ẹ̀ á pẹ́lẹ́bẹ́ lójú bí ògiri tí wọ́n rẹ́.

Èyí tó wá jẹ mí lọ́kàn jù ni pé, ẹ má gun ibi tẹ́ ẹ ò ní lè sọ̀. Lórí àpáta, gígùn rọrùn ju sísọ̀ lọ, torí tẹ́ ẹ bá ń gùn, ojú yín wà níbi tí ọwọ́ ń dì mú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, ẹsẹ̀ ló ń wá ibi tí ojú ò rí. Èmi àti àbúrò mi gun òkè tó wà lẹ́yìn abà wa lọ́jọ́ kan, a gba orí àpáta kan tó mọ́ lóló, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré la fi dókè, inú wa dùn. Òjò kékeré kan wá rọ̀, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tá a padà dé orí àpáta yẹn, kì í ṣe àpáta tá a gùn mọ́. Ẹ mọ àwọn ilà dúdú tó máa ń ṣàn wá sísàlẹ̀ lára àpáta wa? Ohun alààyè tín-ín-tìn-ìn-tín ló lẹ̀ mọ́ ibi tí omi máa ń gbà, tó bá gbẹ, bàtà á dì í mú dáadáa, tó bá ti mu omi báyìí, ọṣẹ ni. Àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ẹsẹ̀ yẹn lọ, ó fàyà lélẹ̀, ó ń yọ̀ lọ, igi kékeré kan tó hù nínú ibi tó là ló gbà á dúró, ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ ti bó. A jókòó síbẹ̀ títí, a ò lè lọ síwájú, a ò lè lọ sẹ́yìn, kó tó di pé a fà pa dà lọ sókè, a sì lọ já igbó lódì kejì. Iná fóònù la fi délé. Màmá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn lọ gbé omi gbígbóná wá.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí ojú mi máa wá lára òkè?

Ìdáhùn: Ibi tí igi wà, ilẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí ilẹ̀ sì lè dúró sí, ẹsẹ̀ náà sábà máa ń rí ibi dúró. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí igi ti tò tẹ̀léra láti ìsàlẹ̀ dókè láìjá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gún máa ya aṣọ yín. Ibi tó yọ gọngọ bí eegun ẹ̀yìn màlúù dáa ju kòtò tó wà láàárín eegun méjì lọ, torí kòtò yẹn ni omi ń gbà, òun náà ni òkúta tó bá já lókè máa gbà wálẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àpáta tó ń bó. Àpáta tiwa níhìn-ín máa ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, pèpéle kan á wà tó dà bíi pé ó lẹ̀ mọ́ ìyá ẹ̀, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ fi ìka ọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó fara tì í. Tó bá dún kókó, ó le. Tó bá dún bí ìgbà tèèyàn ń lu ìkòkò òfìfo, ẹ yà fún un.

Ìbéèrè: Máàpù orí fóònù ńkọ́? Ṣé kò tó?

Ìdáhùn: Ó wúlò gan-an, mi ò lè parọ́, mo máa ń wo Google Earth ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn ìlà tó ń yí òkè po lórí máàpù, ìlà kọ̀ọ̀kan ló so gbogbo ibi tí gíga wọn bá dọ́gba pọ̀. Tí wọ́n bá fún mọ́ra, ibẹ̀ nàró, tí wọ́n bá jìnnà síra, ibẹ̀ rọ̀. Níbi tí ìlà bá ti ṣe bí orí ọ̀kọ̀ tó ń tọ́ka síhà orí òkè, kòtò omi nìyẹn, tó bá tọ́ka síhà ìdí òkè, eegun ẹ̀yìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ app, ìwọ̀n tí ọkọ̀ Endeavour ti Amẹ́ríkà gbà láti ojú sánmà ní February 2000 ni wọ́n fi ya àwọn ìlà yẹn, àlàfo tó wà láàárín ojú kan tí wọ́n wọ̀n sí ìkejì sì tó bíi mítà 30. Ògiri àpáta tó ga ní mítà 10 lè bọ́ sáàárín ojú méjì, máàpù á wá fi han yín bíi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú fi gbọ́dọ̀ rí i kí ẹsẹ̀ tó lọ. Ẹ gba máàpù yẹn sórí fóònù nílé, GPS ò nílò dátà, bátìrì nìkan ló nílò.

Ìbéèrè: Ta ni kí n bi?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé baálẹ̀, nítorí òkè míì ní ojúbọ, ó sì ní ọjọ́ tí wọn kì í gùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọdẹ. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n pé "Bàbá, ṣé ọ̀nà wà?", torí ọdẹ máa sọ pé ó wà, ọ̀nà tiẹ̀ sì lè má jẹ́ tiyín. Ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, tí òjò bá ká yín mọ́ òkè, ibo lẹ máa ń gbà wálẹ̀?" Ìdáhùn ìyẹn lẹ fẹ́. Ẹ tún wo ipa màlúù, torí màlúù ò lè gun ògiri, ibi tí agbo màlúù bá ti gbà kọjá, èèyàn á gbà á. Ẹ má tẹ̀ lé ipa ọ̀bọ o.

Àti pé nígbà ogun Núpé, ní àwọn ọdún 1800, orí òkè ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa sá sí tí wọ́n ń gbé. Ẹ rò ó wò: àwọn obìnrin ru omi, wọ́n pọn ọmọ, àwọn arúgbó náà gòkè. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ò lè jẹ́ ọ̀nà téèyàn ń fi àyà fà gùn. Tẹ́ ẹ bá rí àpáàdì nínú igbó lórí òkè, tàbí ojú àpáta tí wọ́n ti lọ nǹkan títí tó fi jìn bíi kòtò, ẹ wá etí ibẹ̀ dáadáa, ọ̀nà àtijọ́ wà nítòsí. Ẹ fi àpáàdì yẹn sílẹ̀ níbi tó wà.

Ìbéèrè: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni òkè Patti ní Lọ́kọ́jà?

Ìdáhùn: Ó yàtọ̀. Patti ní títì tó dókè, orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òkúta tó kún fún irin ló dé e lórí bí ìdérí ìkòkò, èyí tó rọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Nítorí náà etí òkè lókè pátápátá ló máa ń dá èèyàn dúró. Lórí àwọn àpáta Ìjùmú àti Yàgbà, ìdí àti àárín ló le láti gùn, orí ẹ̀ máa ń rọrùn.

Ìbéèrè: Wákàtí mélòó ni kí n mú sílẹ̀?

Ìdáhùn: William Naismith, ará Scotland, ṣe ìṣirò kan ní 1892 tí wọ́n ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn. Ká ní ẹ máa rin kìlómítà 2, kẹ́ ẹ gun mítà 250, ìṣẹ́jú 49 nìyẹn, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà o. Nínú igbó tó ga ju èèyàn lọ, mo máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ilẹ̀ wa sì máa ń ṣú wàràwàrà, tí oòrùn bá ti wọ̀, kò tó ìdajì wákàtí tójú ò fi ní ríran mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn dáa fún àpáta, àmọ́ àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń sungbó, iná sì máa ń sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ lọ, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí èéfín nísàlẹ̀ yín, ẹ má dúró wò ó. Ẹ má dá lọ, pàápàá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ajínigbé tó wà nínú igbó báyìí, ẹ jẹ́ kí àwọn fijilántì mọ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó yẹ kí n padà?

Ìdáhùn: Ẹ máa bojú wẹ̀yìn láìmọye ìgbà, torí ojú ọ̀nà máa ń yàtọ̀ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ to òkúta mẹ́ta léra níbi tẹ́ ẹ bá ti yà. Ibi tẹ́ ẹ bá wẹ̀yìn tẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ máa kọ́kọ́ tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ padà níbẹ̀ yẹn, bó ti wù kí òkè kù díẹ̀ tó.

Òkè ẹ̀yìn abà wa yẹn, a padà síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A yí i po, a bi ọdẹ kan, ó ní ká gba ipa màlúù lẹ́yìn, níbi tí igi ìyeyè wà. Ó pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ dáadáa, ó sì tó wákàtí kan kó tó di pé a dókè. Àbúrò mi ló ṣíwájú.