Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Àga Pa Tríbúnù ní Róòmù

Bí ọ̀rọ̀ ìjà agbára ní Róòmù àtijọ́ bá délẹ̀ nínú kíláàsì ìtàn tí mo ń kọ́, Julius Caesar ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi a máa dá wọn padà sí ọdún 133 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tó ṣì ku nǹkan bí ọdún 33 kí wọ́n tó bí Caesar.

Láti ìgbà tí àwọn ará Róòmù ti lé ọba wọn lọ, ìbẹ̀rù kí ẹnì kan má tún di ọba ni wọ́n fi ń ṣètò ìlú. Kọ́ńsúlù méjì ló ń ṣàkóso pọ̀, ọdún kan péré ni wọ́n sì ń lò lórí oyè. Àwọn mẹ̀kúnnù ní aṣojú mẹ́wàá tiwọn, tí à ń pè ní tríbúnù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè dìde, kó ní “veto”, ìyẹn “mo kọ̀ ọ́” lédè Látìnì, àbá yòówù tó wà nílẹ̀ á sì dúró. Tríbúnù kò ní ọmọ ogun. Ààbò rẹ̀ ni pé èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Tiberius Gracchus di tríbúnù lọ́dún 133 yẹn. Àwọn olówó ti gba ilẹ̀ ìjọba mọ́ra, wọ́n ń fi ẹrú dá oko níbẹ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó lọ jagun fún ìlú kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò fi ẹsẹ̀ lé. Tiberius ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní ju nǹkan bí hẹ́kítà 125 lọ nínú ilẹ̀ náà, àfi ẹni tó bá ní ọmọkùnrin, kí wọ́n sì pín ìyókù fún aláìní. Octavius, tríbúnù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní òun kọ̀ ọ́. Tiberius bá ní kí ará ìlú dìbò yọ ọ́. Ẹ̀yà 35 tí wọ́n pín ará ìlú sí ló ń dìbò ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Nígbà tí ẹ̀yà 17 ti dìbò pé kó lọ, tó ku ẹyọ kan péré kí wọ́n ju ìdajì lọ, Tiberius dá ìdìbò dúró, ó dì mọ́ Octavius níṣojú gbogbo ayé, ó ń bẹ̀ ẹ́. Omi lé ròrò sí Octavius lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ọ̀dọ̀ àwọn olówó, ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yà kejìdínlógún bá dìbò.

Lójú tèmi, ibí yìí gan-an ni èèwọ̀ ti fọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbà pé Tiberius jàre lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí a bá lè yọ ẹni tó sọ pé òun kọ̀, kí ni kíkọ̀ náà tún jámọ́? Nígbà tí Tiberius tún ń du oyè náà ṣáá, Scipio Nasica, olórí àwọn àlùfáà, kó àwọn ìgbìmọ̀ àgbà sòdí. Ẹsẹ̀ àga àti kùmọ̀ ni wọ́n fi pa Tiberius àti àwọn èèyàn rẹ̀ tó lé ní 300, wọ́n sì kó òkú wọn dà sínú odò Tiber.

Lọ́dún 121, wọ́n rán Gaius àbúrò rẹ̀ náà lọ sọ́run.

Nígbà tó fi máa di ọdún 107, ọ̀gágun Marius ti ń gba àwọn tí kò ní nǹkan kan sí iṣẹ́ ológun, ọ̀gágun ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì ń wò fún ilẹ̀ tí wọn yóò fi jẹun lẹ́yìn ogun. Lọ́dún 88, tríbúnù kan tó ń jẹ́ Sulpicius mú kí wọ́n gba ìdarí ogun tí wọ́n fẹ́ bá Ọba Mithridates jà lọ́wọ́ Sulla, kọ́ńsúlù ọdún náà, fún Marius. Sulla lọ bá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Nola, ó sì kó wọn kọjú sí Róòmù. Àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀ fi í sílẹ̀, wọ́n sá lọ, àfi ẹyọ kan. Àwọn ọmọ ogun lásán kò sá. Sulpicius wà lára àwọn tí wọ́n pa, bẹ́ẹ̀ ọdún rẹ̀ lórí oyè kò tíì pé.