Kíkó onírúurú aláìsàn jọ fún ìwádìí ìṣègùn

Kíkó onírúurú aláìsàn jọ fún ìwádìí ìṣègùn ni iṣẹ́ rírí i pé àwọn tí wọ́n fi dán oògùn wò jọ àwọn tí yóò lò ó: takọtabo, tàgbàtèwe, àti oríṣiríṣi ìran. Ara kò gba oògùn bákan náà. Zolpidem, oògùn oorun, ti wà lọ́jà Amẹ́ríkà fún nǹkan bí ogún ọdún kí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀, tó dín ìwọ̀n tí obìnrin ń lò kù láti miligíráàmù 10 sí 5 ní 2013, torí pé ó ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ju ti ọkùnrin lọ.

Ìpolówó ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ rò, bẹ́ẹ̀ inú ìwé ètò ìwádìí gan-an ni ilẹ̀kùn ti ń tì. Ẹ wo neutrophil, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í gba ẹni tí tirẹ̀ kò tó 1,500 nínú máíkírólítà kan. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ìran Áfíríkà ní jíìnì Duffy-null, tó ń jẹ́ kí iye yìí kéré láìsí àìsàn kankan lára wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ á gbọ́ ìpolówó, á wá, wọn á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn á sì ní kó máa lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè ewu tí ìlànà kọ̀ọ̀kan ń dènà. Èyí tí wọ́n kàn dà kọ láti inú ìwádìí àtijọ́ ni kí a yọ.

Owó ọkọ̀ aláìsàn tí a óò san padà lẹ́yìn oṣù kan kò wúlò fún ẹni tí kò ní in lọ́wọ́ lónìí. Kí a san án ṣáájú. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ní láti wà ní èdè aláìsàn: ẹnì kan á túmọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn á tún un túmọ̀ padà kí àṣìṣe lè hàn.

Ìfura tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní sí ìwádìí ìṣègùn ní ìtàn. Ní Tuskegee, láti 1932 sí 1972, ìjọba Amẹ́ríkà fi àrùn sífílísì sílẹ̀ lára ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 399 láìtọ́jú wọn, kódà nígbà tí pẹnisílínì, oògùn tó ń wò ó, ti wà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ tí kò sí nínú ìwádìí kò kọ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ni. Ní Los Angeles, ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018 lọ bá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 319 ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ 52, apòògùn sì ń tọ́jú apá kan wọn níbẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí a máa yẹ àkọsílẹ̀ wò: ta ni a gbà, ta ni a dá padà, kí sì ni ìdí? Àlàfo tó bá hàn lẹ́yìn tí àyè ti kún kò ṣeé dí mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, ilé-iṣẹ́ Moderna dẹwọ́ ìgbaniwọlé sínú ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà rẹ̀, tó jẹ́ ti ènìyàn 30,000, torí pé àwọn ìran kan kò tíì pọ̀ tó nínú rẹ̀.