Kí làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tiwa ń ṣe fún wa gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ìwádìí ọmọ ilé ni kí Áfíríkà máa fi ṣèlú. Ṣé ti òyìnbó ò tó ni? Ìmọ̀ ṣáà ni ìmọ̀.

Ìdáhùn: Ìmọ̀ ni ìmọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tí olùwádìí bá bèèrè nìkan ló máa rí ìdáhùn sí o. Látayé àwọn amúnisìn, tọ́mọ bá ti gba òdo nínú ìṣirò, olódo ni, ó tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ wá ní ẹ dúró ná, ṣé ìṣirò ni ọmọ yìí ò mọ̀ ni àbí Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ fi ń kọ́ ọ ni ò yé e? Ní January 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ níléèwé kan ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n ya àwọn ọmọ kan sọ́tọ̀, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀ pátá, fọ́dún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wá di sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn yòókù ń ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀, Yorùbá fọ́dún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé yẹn ò wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn?

Ìdáhùn: Wọ́n gbọ́ ọ! Wọn ò kẹ́yìn nínú ẹ̀, wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn yòókù nínú ọ̀pọ̀ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó kù. Èmi o, àwọn ìwé tí wọ́n fi Yorùbá kọ fún àwọn ọmọ náà ló wú mi lórí jù, torí wọ́n ní láti jókòó kọ ọ́ fúnra wọn, kí wọ́n máa wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nǹkan tí tíṣà ò fi Yorùbá pè rí ní kíláàsì, ta ni ì bá bá wa ṣe ìyẹn láti London?

Ìbéèrè: Ta ló sanwó ẹ̀?

Ìdáhùn: Ford Foundation ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó fún ẹ lọ́kọ́ kọ́ ló ni oko, àmọ́ ó yẹ kójú ti ìjọba tiwa díẹ̀.

Ìbéèrè: Tó bá ṣiṣẹ́, kí ló dé tọ́mọ mi ṣì ń san fáìnì tó bá sọ Yorùbá níléèwé?

Ìdáhùn: Ìjọba gbọ́ o. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977 ní èdè abínibí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, Fafunwa fúnra ẹ̀ tún ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 dé 1992. Àmọ́ tíṣà ò tó, ìwé ò tó, àwa òbí náà wá ń sáré kọ́mọ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ orúkọ ìyá ẹ̀. Ní November 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó jẹ́ èdè abínibí fún gbogbo ọdún mẹ́fà praimárì, nígbà tó máa fi di November 2025 mínísítà míì ti ní àwọn fagi lé e, pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí. Ọmọ tó wọ praimárì 1 ní September 2023, praimárì 3 ló wà nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ yẹn, ìgbà wo ló jókòó ṣe WAEC? Àwọn ti Ifẹ̀ tiẹ̀ dúró fọ́dún mẹ́fà.