Ibi Tí ALOHA Ti Ṣẹ̀ Wá

Omi òkun ló pín ìpínlẹ̀ Hawaii sí erékùṣù-erékùṣù. Ní 1968, Norman Abramson àti Frank Kuo, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Hawaii, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí àwọn tó wà ní erékùṣù mìíràn yóò fi máa lo kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní Oahu. Wáyà tẹlifóònù wọ́n, kò sì ṣeé gbára lé. Rédíò ni wọ́n mú, wọ́n sì pe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ní ALOHA.

Ìkànnì méjì ni wọ́n lò: gbogbo ibùdó ń fi 407.350 MHz ránṣẹ́ sí Oahu, Oahu ń fi 413.475 MHz dá wọn lóhùn. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba ìránṣẹ́ ni wọ́n sọ ní Menehune, orúkọ àwọn aràrá inú ìtàn àtayébáyé Hawaii. Ní Oṣù Kẹfà 1971, ALOHA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òfin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìwà ipá: bí o bá ní packet (ìdì ìsọfúnni kékeré kan), fi ránṣẹ́, má tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí méjì bá forí gbárí, méjèèjì bàjẹ́, Menehune á dákẹ́. Olúkúlùkù á wá dúró díẹ̀, ìwọ̀n tí kò bá ara wọn mu, kó tó tún un fi ránṣẹ́. Ìṣirò Abramson ní 1970 fi hàn pé ìkànnì bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ kọjá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 agbára rẹ̀. Ní 1972, Larry Roberts, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, dábàá pé kí a gé àkókò sí abala, kí ìránṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ abala nìkan. Ó di nǹkan bí 37.

Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ti gbà pé nǹkan á dúró déédéé, láìwádìí rẹ̀. Àwọn olùwádìí, Kleinrock àti Lam, pẹ̀lú Carleial àti Hellman, tú u wò ní 1975. Fojú inú wo Oshodi nírọ̀lẹ́: gbogbo èrò rọ́ lu ilẹ̀kùn dánfó kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó ráàyè wọlé, àwọn mìíràn sì ń dé bá wọn. Bí àwọn tó ń tún ránṣẹ́ bá ti pọ̀ kọjá ibì kan, ìforígbárí nìkan ló kù lórí ìkànnì, kì í sì í rọrùn kó padà bọ̀ sípò. Bí àwọn olùlò kò bá lópin, tí ìwọ̀n ìgbìyànjú wọn kò sì yí padà, ó pẹ́ ni, ó yá ni, ìkànnì náà á dì, bó ti wù kí iṣẹ́ tó ń wọlé kéré tó. Àwọn tó ń lò ó ní Hawaii kò pọ̀, mo rò pé òun ló gbà wọ́n.

Robert Metcalfe ti rí apá kan ìṣòro yìí ṣáájú wọn. Nígbà tí Yunifásítì Harvard kọ̀ láti gba ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ó tún iṣẹ́ Abramson yẹ̀ wò, ó fi kún ìwé náà. Ní 1973, ní Xerox PARC, ibùdó ìwádìí ilé iṣẹ́ Xerox, ó dábàá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Alto Aloha fún Alto, kọ̀ǹpútà ibẹ̀, èyí tó di Ethernet, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà pọ̀, lẹ́yìn náà: gbọ́ bóyá ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ kí o tó sọ, bí ẹ bá forí gbárí, sọ àkókò tí o lè fi dúró di ìlọ́po méjì nígbà kọ̀ọ̀kan. Wi-Fi ń lo irú ìlọ́po yìí, fóònù GSM sì ń fi ALOHA alábala béèrè àyè lọ́wọ́ òpó kí ìpè tó wọlé.

Ní 1987, David Aldous, onímọ̀ ìṣirò ní Berkeley, fi ẹ̀rí hàn pé bí olùlò kò bá lópin, ìlọ́po méjì náà á dojú dé. Àwọn tó ń ṣe Ethernet kò dá iṣẹ́ dúró: ẹ̀rọ tiwọn níye, packet tó bá sì forí gbárí nígbà 16, wọ́n á jù ú nù.